Ìyá Nìkan Kọ́ Ni Ìlú

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ inú ilé ni, irú èyí tí a máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ sọ. Bí ènìyàn bá bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò jí pépé, tàbí tí àìsàn ọpọlọ dé bá àbúrò ẹni lójijì, tàbí tí ẹsẹ̀ bàbá kọ̀ tí kò gbé e mọ́, níbo ló yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa gbé? Ṣé kí a mú un lọ sí ilé ìtọ́jú tí ìjọba tàbí àwọn ẹlẹ́sìn kọ́ fún irú wọn, kó máa gbé ibẹ̀? Àbí kó wà láàárín wa, nínú àgbàlá kan náà tí àwa náà ń gbé, kó máa gbọ́ ariwo ọmọdé, kó máa gbọ́ òórùn ọbẹ̀?

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tó bí i ló mọ ohun tí ojú òun ń rí. Nítorí náà mi ò fẹ́ kí ìyá tàbí bàbá kankan gbọ́ mi lórí rédíò lónìí kó rò pé òun ni mò ń dá lẹ́bi.

Èrò tèmi rèé, n ó sì sọ ọ́ kí n tó lọ jìnnà. Àárín ènìyàn ló yẹ kí ènìyàn máa gbé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, àti ìjọba àti àwọn àjọ àgbáyé, kì í dáhùn ìbéèrè tó tẹ̀ lé e: ta ni yóò ṣe iṣẹ́ náà? Ta ni yóò wẹ̀ ẹ́, ta ni yóò ra oògùn, ta ni yóò ṣọ́ ọ lóru? Wọ́n á ní ìlú ni. Bí a bá wá wọ inú ilé lọ wò ó, obìnrin kan ṣoṣo la máa bá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Bingerville, ìlú tó wà nítòsí Abidjan níbí. Ibẹ̀ ni olú-ìlú àwọn Faransé ní Côte d'Ivoire yìí láti 1900 kí wọ́n tó gbé e wá sí Abidjan ní 1934. Ní 1962, nígbà tí òmìnira Côte d'Ivoire ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ síbẹ̀. Ìlú Bouaké ló tún ní irú rẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo orílẹ̀-èdè sì gbójú lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń gbé ní Odienné, lẹ́bàá ààlà Guinea, tí ọmọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sí afẹ́fẹ́, tó ń lu ènìyàn. Ọ̀nà ọjọ́ kan gbáko ni. Bí wọ́n bá gbé e dé Bingerville, àwọn dókítà wà, oògùn wà, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Ẹni tó mú un wá á padà sí oko rẹ̀, nítorí kò lówó tí yóò fi jókòó. Oṣù á gorí oṣù. Ìgbà tí ara aláìsàn bá yá tán, tí dókítà ní kó máa lọ sílé, ilé wo ni yóò lọ? Ìṣòro gbogbo ilé ìwòsàn irú èyí láyé nìyí. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀ gbòòrò, ti àbájáde fún pinpin.

Nítòsí Bingerville yẹn kan náà, létí ọ̀sà Ébrié, abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Bregbo. Wòlíì Albert Atcho ló gbé ibẹ̀, nínú ìjọ tó jáde láti ara ìwàásù William Wadé Harris, ọmọ Liberia tó fi ẹsẹ̀ rin etíkun ilẹ̀ yìí ní 1913 àti 1914. Ọ̀dọ̀ Atcho ni àwọn ènìyàn ń gbé aláìsàn wọn lọ, àti alárùn ara àti alárùn ọpọlọ. Orúkọ rẹ̀ kàn débi pé Jean Rouch, ọmọ Faransé tó máa ń ya fíìmù, lọ ya fíìmù nípa rẹ̀ ní 1963, àwọn onímọ̀ bíi Marc Augé sì jọ kọ odindi ìwé kan lórí abúlé náà, tó jáde ní 1975. Aláìsàn kì í dá wá sí Bregbo, ẹbí rẹ̀ á bá a wá. Wọ́n á jọ gbé ibẹ̀, wọ́n á jọ ṣiṣẹ́, wọ́n á jọ jẹun. Kò sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ohun tó dára nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ibẹ̀ ní iye tirẹ̀. Aláìsàn gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ kí ara rẹ̀ tó yá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́wọ́ pé àwọn ti fi ẹ̀mí pa ọmọ, pé àwọn ti ba iṣẹ́ ẹbí jẹ́ lóru. Ẹni tí orí ń fọ́, tí kò sùn láti ọjọ́ pípẹ́, á wá gba ẹ̀bi ohun tí kò ṣe. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbà pé ohun gbogbo tó bá ti wá láti inú abúlé ló dára ju ti ilé ìwòsàn lọ. Àwa Yorùbá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. A mọ ilé àwọn adáhunṣe wa tí wọ́n ti ń wo wèrè sàn ní tòótọ́, a sì mọ̀ pé wọ́n ń kan ènìyàn ní àbà níbẹ̀, wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n ń nà án. A mọ àwọn ilé àdúrà tí wọ́n ti ń febi pa aláìsàn, tí wọ́n ní ààwẹ̀ ni yóò lé ẹ̀mí èṣù jáde.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ yìí mọ̀. Grégoire Ahongbonon ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni, abúlé kan nítòsí ààlà Nàìjíríà ni wọ́n ti bí i. Ní 1971 ló wá sí Côte d'Ivoire gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa náà ṣe wá, láti wá ajé. Fọkanáísà ni. Táyà ló ń lẹ̀. Iṣẹ́ náà gbè é ní Bouaké, ó ra ọkọ̀, ó di ẹni tó ní takisí nígboro. Nígbà tó yá, òwò dojú dé, gbèsè dé, ìrònú sì mú un débi pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Àlùfáà ìjọ Àgùdà kan ló ràn án lọ́wọ́ láti rin ìrìn-àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù ní 1982. Nígbà tó padà dé, òun àti ìyàwó rẹ̀ kó àwọn kan jọ fún àdúrà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn aláìsàn tí kò lówó wò ní ilé ìwòsàn Bouaké. Wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń ra oògùn fún wọn. Láti ibẹ̀ wọ́n gba ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ.

Ní 1990, ó rí ọkùnrin kan tó wà níhòòhò, tó ń wá oúnjẹ lórí ààtàn. Irú wọn kò ṣàjèjì sí i, ó sì ti ń bẹ̀rù wọn tipẹ́ bí gbogbo wa ṣe ń bẹ̀rù wọn. Lọ́jọ́ yẹn, ó dúró wò ó. Nígbà tó ṣe, òun àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lóru pẹ̀lú oúnjẹ àti omi tútù, wọ́n ń wá wọn kiri ibi tí wọ́n sùn sí. Wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń béèrè orúkọ wọn. Ilé ìwòsàn Bouaké yọ̀ǹda àyè fún un nínú ọgbà wọn, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀, Saint Camille de Lellis, ti gbòòrò.

Ní 1994, wọ́n pè é lọ sí abúlé kan. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà nílẹ̀ nínú yàrá kan, tí wọ́n fi wáyà dè tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé wáyà ti wọ inú ẹran ara, ara sì ti ń jẹrà. Wọ́n tú u, wọ́n gbé e lọ tọ́jú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, ó kú. Láti ọjọ́ náà ni Grégoire ti ń wá àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ kiri abúlé, tó ń tú wọn.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Àwọn tó de ọmọ yẹn, ẹbí rẹ̀ ni. Àárín ìlú ló wà, nínú ilé bàbá rẹ̀, kò sí ní ilé ìtọ́jú kankan. Èmi kò gbà pé ìkórìíra ló fà á. Bóyá ó ti sá lọ sínú igbó, bóyá ó ti ju òkúta sí ọmọ aládùúgbò, bóyá àwọn ará abúlé ti wá kìlọ̀: irú ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn kí wáyà tó jáde. Ìfẹ́ lè wà nínú ilé kan kí oògùn má sí níbẹ̀. Ní 2020, àjọ Human Rights Watch kó ìròyìn jọ láti nǹkan bí ọgọ́ta orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń de alárùn ọpọlọ mọ́lẹ̀, Nàìjíríà wa sì wà nínú rẹ̀. Inú ilé ẹbí wọn ni wọ́n ti de ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ilé ìtọ́jú ni Grégoire náà kọ́, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé ló dojú kọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ ló ti jẹ́ aláìsàn níbẹ̀ rí. Wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́: aṣọ híhun, aṣọ rírán, búrẹ́dì yíyan, oko dídá. Bí wọ́n bá padà sílé, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti máa ń gba oògùn àti abẹ́rẹ́ lóṣooṣù nítòsí wọn, nítorí wọ́n ṣí àwọn ibùdó kéékèèké fún èyí. Iṣẹ́ náà ti dé Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ìwé ìròyìn Daily Trust ní Nàìjíríà fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Ọmọ Áfíríkà Ọdún 2015, síbẹ̀ mélòó nínú wa ló mọ orúkọ rẹ̀? Fọkanáísà ni, kì í ṣe dókítà. Ó yẹ kí orúkọ yẹn wà lẹ́nu gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń gbé ní Abidjan.

Kí ẹ má bàa rò pé àjèjì ni ọ̀rọ̀ yìí sí wa, ẹ jẹ́ kí a délé díẹ̀. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò padà dé láti Ìlú Ọba sí Abẹ́òkúta, ìlú rẹ̀, láti wá ṣe olórí ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò. Ìjọba kò tíì kọ́ ilé náà parí. Àwọn aláìsàn sì wà nílẹ̀. Lámbò kò dúró de bíríkìlà. Ó lọ bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí Àrò ká, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, tí wọ́n á sì jọ padà wá sílé. Lẹ́yìn ìtọ́jú, wọ́n ń bá àwọn ará abúlé lọ sóko, wọ́n ń bá wọn jó níbi ayẹyẹ. Àwọn adáhunṣe wà nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1961, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ṣe é, kí àwọn àlejò lè fojú ara wọn rí i. Lámbò di igbákejì olórí àgbà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé bí wọ́n bá ń sọ ìtàn Àrò ni pé a kò sọ fún àwọn ará abúlé yẹn pé kí wọ́n máa ṣe é nítorí Ọlọ́run. Wọ́n ń gba owó ilé. Ilé ìwòsàn bá wọn mójú tó omi mímu àti ìmọ́tótó abúlé. Bí aláìsàn bá yarí lóru, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa pè, kò sì jìnnà. Ìlú ṣe ìtọ́jú, ìjọba sì dúró ti ìlú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti kí a kàn ní "ẹ gbé e lọ sílé" pọ̀ gan-an.

Àwọn òyìnbó pàápàá ti fi ojú rí ìyàtọ̀ náà. Ní Italy, dókítà Franco Basaglia ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn ọpọlọ ìlú Trieste sílẹ̀, ní 1978 wọ́n sì ṣe òfin tó ní kí a pa irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ tì. Ṣùgbọ́n ní Trieste, wọ́n kọ́kọ́ ṣí ibùdó ìtọ́jú sí àdúgbò. Amẹ́ríkà ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn. Ní 1963 wọ́n ṣe òfin pé àwọn yóò kọ́ ibùdó sí àdúgbò káàkiri. Wọ́n kó àwọn aláìsàn jáde, ọ̀pọ̀ ibùdó náà kò sì rí kíkọ́. Abẹ́ afárá àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà ti bára wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọn adití kò jọ èyí pátápátá, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ní Yopougon, ní Abidjan níbí, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití wà, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú náà sì wà níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé kí a pa irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́ nítorí pé àárín ìlú ló dára, mi ò ní gbà. Ọmọ adití tó bá dá wà láàárín àwọn tó ń gbọ́ràn, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ èdè ọwọ́, kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Nínú ilé tó kún fún ènìyàn, òun nìkan ló dá wà. Àárín àwọn adití ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti máa ń ní èdè. Andrew Foster mọ èyí. Adití ni, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, tó dé Ghana ní 1957, tó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ adití sí Ìbàdàn ní 1960, tó sì ń ṣí wọn kiri ilẹ̀ Áfíríkà títí tó fi kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní 1987.

Síbẹ̀, lójú ọ̀nà Divo, nítòsí Hiré, abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Bouakako. Àwọn adití wà níbẹ̀ tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ adití kankan. Láàárín ara wọn àti àwọn ará abúlé, èdè ọwọ́ kan hù jáde, tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà, tí kì í ṣe ti Faransé. Onímọ̀ èdè kan, Angoua Tano, jókòó tì wọ́n, ó sì kọ ìwé lé e lórí. Ẹbí àti aládùúgbò tó ń gbọ́ràn náà ń sọ ọ́. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ronú kan abúlé yìí, nítorí adití nìkan kọ́ ló kọ́ bí a ti ń bá ìlú gbé níbẹ̀. Ìlú náà kọ́ bí a ti ń bá adití gbé.

Abidjan ńkọ́? A ní òfin. Òfin 98-594, ti oṣù kọkànlá ọdún 1998, dúró fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ní 2014, Côte d'Ivoire fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ wọn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àwọn Orílẹ̀-èdè ṣe ní 2006, tí abala kọkàndínlógún rẹ̀ sọ pé ẹ̀tọ́ ènìyàn ni láti yan ibi tí yóò máa gbé àti ẹni tí wọn yóò jọ máa gbé. Ìkànìyàn ọdún 2014 kan náà ka àwọn tó ní ìpèníjà ara ju 450,000 lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbé kẹ̀kẹ́ arọ dé ẹnu gbàkà, ọkọ̀ akérò ìgboro, kí ẹ wo bí yóò ṣe wọlé. Ẹ wo àgbàlá tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé ní Abobo, tí ilé ìyàgbẹ́ kan wà lẹ́yìn àtẹ̀gùn mẹ́ta. Ní 2024, àwọn aláṣẹ Abidjan fi òfin de agbe ṣíṣe lójú pópó, wọ́n sì lé àwọn alágbe kúrò ní oríta, àwọn arọ àti afọ́jú wà nínú wọn. Oríta kì í ṣe ibi tó yẹ ènìyàn, mo gbà. Níbo ni wọ́n wá ní kí wọ́n lọ?

Ọ̀rọ̀ yín ló kù báyìí, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ìlú yìí, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Èjìgbò tí ẹ ti fìdí múlẹ̀ níbí láti ayé àwọn bàbá bàbá yín. Bí orí ẹnìkan bá dàrú láàárín wa, a máa ń dá owó mọ́tò, a ó fi í sínú ọkọ̀ tó ń gba Ghana, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, a ó ní ó ti lọ sílé. Sílé lọ́dọ̀ ta ni? Ìyá àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí òun fúnra rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò fún un lómi. A rò pé a ti tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kàn gbé e kúrò lójú wa lásán ni.

Kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ mú un lọ sí ilé iṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń pè ní Institut National de Santé Publique ní Adjamé níbí. Wọ́n ní ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ, ènìyàn sì lè gba ìtọ́jú níbẹ̀ kó padà sílé lọ sùn. Oògùn nìkan kò tó, lóòótọ́. Owó oògùn ń fẹ́ ẹni tí yóò san án, aláìsàn ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó tì í.

Gbogbo ẹgbẹ́ ìlú tó wà ní Abidjan ló ń dá owó òkú, wọ́n ń dá owó ìkómọjáde, wọ́n ń dá owó aṣọ ẹbí. Mo bẹ̀ yín, nínú ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, ẹ fi owó oògùn kún un. Kí alága sì béèrè lójú gbogbo ènìyàn: ilé ta ni irú ọ̀rọ̀ yìí wà, ta ni yóò sì lọ jókòó níbẹ̀ ní Sátidé, kí ìyá ọmọ lè lọ sọ́jà kó sì padà sùn díẹ̀? Ẹ kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀ kí ìpàdé tó tú ká.